Bí A Ṣe Ń Ṣètò Ìpàdé Presbítírì Tó Kọjú Sí Àdúgbò

Ó ti pẹ́ tí ìbéèrè kan náà ti ń lé mi kiri. Ẹnì kan á pè láti Maryland, òmíràn á pè láti Texas: "Ẹ̀gbọ́n, presbítírì wa ti fi mí sí ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ìpàdé tó ń bọ̀. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ àdúgbò la máa gbájú mọ́. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?" Àwọn ará ìjọ ti rí i pé Yorùbá mọ òde í ṣe, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń gbé irú ẹrù yìí lé wa lórí. Àmọ́ ìpàdé presbítírì, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń darí àwọn ìjọ agbègbè kan, kì í ṣe ìgbéyàwó. Ẹni tó bá fi ọgbọ́n ìnáwó ṣe é, oúnjẹ á yó àwọn èèyàn, àdúgbò á sì wà bó ṣe wà.

Presbyterian Church U.S.A. ni mo ń bá sọ̀rọ̀ níbí, torí ibẹ̀ ni mo ti ń sìn gẹ́gẹ́ bí alàgbà. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé nínú Presbyterian Church of Nigeria lè mú èyí tó bá wúlò fún yín, ṣùgbọ́n tó bá kan ìbò àti iye èèyàn tó gbọ́dọ̀ pé, ìwé ìlànà tiyín ni kí ẹ tẹ̀ lé.

## Irú ìpàdé wo lẹ fẹ́ ṣe gan-an?

Ẹ yanjú èyí kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni.

Ìgbìmọ̀ àwọn alàgbà ló ń darí ìjọ kọ̀ọ̀kan. Presbítírì ló kó àwọn ìjọ agbègbè kan jọ. Sínódù wà lókè rẹ̀, Àpéjọ Gbogbogbòò tó máa ń jókòó ní ọdún méjì-méjì sì wà lókè pátápátá. Ní ìpàdé presbítírì, àwọn pásítọ̀ tó jẹ́ ọmọ presbítírì náà àti àwọn alàgbà tí ìgbìmọ̀ ìjọ wọn rán wá ló ní ìbò. Díákónì, akọrin, aládùúgbò tí ẹ pè, wọn kò ní ìbò, bó ti wù kí ọgbọ́n wọn pọ̀ tó.

Nítorí náà, ọ̀nà méjì ló wà:

- Ìpàdé tó ní ìdìbò. Book of Order, ìwé ìlànà ìjọ, ní kí presbítírì ṣe irú rẹ̀ ó kéré tán ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún. Àdúrà la fi ń ṣí i, àdúrà la fi ń parí rẹ̀, Robert's Rules of Order, ìwé òfin bí a ṣe ń ṣèpàdé, la sì fi ń darí ọ̀rọ̀.
- Àpéjọ tí kò ní ìdìbò. Ẹnikẹ́ni lè wá, ẹnikẹ́ni lè sọ̀rọ̀. Ẹ kò lè ná owó presbítírì níbẹ̀, ẹ kò sì lè gbé òfin kankan kalẹ̀.

Tó bá ṣeé ṣe, ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀. Mo ti rí ibi tí ìjíròrò lórí ìròyìn owó ti jẹ gbogbo òwúrọ̀, tí àwọn àlejò láti àdúgbò jókòó sẹ́yìn fún wákàtí méjì, tí wọ́n ń wo fóònù wọn. Ìdajì wọn ti lọ kí ó tó kàn wọ́n.

Tí kò bá ṣeé yà sọ́tọ̀, ẹ bẹ akọ̀wé àgbà presbítírì kó di gbogbo ọ̀rọ̀ tí kò ní àríyànjiyàn pọ̀ sí ìdì kan tí a ó dìbò lé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tí ẹnì kan bá fẹ́ kí wọ́n yọ ọ̀kan kúrò nínú ìdì náà kí wọ́n sọ̀rọ̀ lé e, wọ́n á yọ ọ́. Ìyókù á kọjá. Wákàtí kan tó.

Ìkìlọ̀: tí wọ́n bá pè é ní ìpàdé àkànṣe, ìwé ìpè gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn pásítọ̀ àti ìgbìmọ̀ ìjọ gbogbo ó kéré tán ní ọjọ́ 10 ṣáájú. Ohun tí kò sí nínú ìwé ìpè, ẹ kò lè dìbò lé e, ì báà jẹ́ ohun tó dára jù lọ láyé.

## Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ lọ gbọ́ (oṣù márùn-ún ṣáájú)

Ibí ni púpọ̀ nínú wa ti ń ṣìnà, ẹ jẹ́ kí n pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi mí sí irú ìgbìmọ̀ yìí, àwa mẹ́jọ jókòó sí yàrá kan, a mu kọfí, a pinnu pé aṣọ òtútù làwọn ará àdúgbò nílò. A kó aṣọ jọ, àpò rẹpẹtẹ. Ọjọ́ ìpàdé pé. Obìnrin kan tí a pè pé kó wá kí wa káàbọ̀ sí àdúgbò rẹ̀ gba màíkù. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wa. Ó wá ní, "Aṣọ wà nílé wa. Bọ́ọ̀sì alẹ́ ni wọ́n dá dúró. Ẹni tó bá ṣíwọ́ iṣẹ́ ní aago mẹ́wàá, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn wálé nínú òtútù." Gbọ̀ngàn dákẹ́ rọ́rọ́. Nínú àwa mẹ́jọ tí a ṣètò, kò sí ẹnì kankan tó ń wọ bọ́ọ̀sì.

A kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Torí náà:

1. Ẹ fẹsẹ̀ rìn ládùúgbò náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ lọ ní ọ̀sán ọjọ́ iṣẹ́ kan, kí ẹ sì tún lọ ní alẹ́ Sátidé. Ẹ lọ ní méjì-méjì. Ẹ má wọ aṣọ ìjọ, ẹ má di ìwé pélébé-pélébé dání, kí àwọn èèyàn má bàa sá fún yín.

2. Ẹ kọ orúkọ èèyàn mẹ́wàá tí kì í ṣe ọmọ ìjọ yín. Ọ̀gá ilé-ìwé, onígbàjámọ̀, obìnrin tó ń dirun, awakọ̀ bọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn tó wà nítòsí, ìmáàmù mọ́ṣáláṣí, ẹni tó ń bójú tó ibi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù igun òpópónà, àti ọ̀dọ́ méjì tí kò tíì pé ogún ọdún. Àwọn ọ̀dọ́ la máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ àwọn ló mọ ibi tí iná òpópónà ti kú.

3. Ìbéèrè mẹ́ta péré ni kí ẹ bi wọ́n:
   - Kí ló dára ládùúgbò yìí tí ẹ kò fẹ́ kó bàjẹ́?
   - Kí ló ń gba oorun lójú yín?
   - Ta ló ti ń ṣe nǹkan sí i?

   Ìbéèrè kẹta ló ṣe pàtàkì jù. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹ má rí ẹnì kan tó ti ń ṣe iṣẹ́ náà láìní owó, láìní orúkọ. Ẹni yẹn ni kí ìjọ lọ dúró tì. Ẹ má dá tiyín sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀.

4. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ẹ má sọ "bọ́ọ̀sì alẹ́ kò sí mọ́" di "ìṣòro ìrìnnà". Ẹ má sì ṣèlérí ohunkóhun níbẹ̀. Ìlérí tí ẹ bá ṣe lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, òun ni wọ́n á máa bi yín ní ọdún mẹ́ta sí i.

5. Ẹ pe méjì tàbí mẹ́ta nínú wọn sínú ìgbìmọ̀ ìṣètò. Kí wọ́n jókòó síbẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń yan kókó ọ̀rọ̀. Tí ẹ bá dúró dìgbà tí àjẹ́ńdà ti jáde láti ilé ìtẹ̀wé, àlejò lásán lẹ pè.

Kí ẹ sì fún wọn lówó àkókò wọn. Pásítọ̀ ń gba owó oṣù lọ́jọ́ ìpàdé. Ẹni tó ń dirun, oníbàárà rẹ̀ ló pàdánù. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ á ní ìyẹn á ba iṣẹ́ Olúwa jẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ tán, kí ẹ sì fi sínú ètò ìnáwó.

Wọ́n lè bi yín bóyá fọ́ọ̀mù orí íńtánẹ́ẹ̀tì kò lè dípò gbogbo rírìn yìí. Kò lè ṣe é. Àwọn tó máa kọ ọ́ ni àwọn tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo (oṣù mẹ́rin ṣáájú)

Ní 2019 ni Presbyterian Church U.S.A. bẹ̀rẹ̀ ìpè tí wọ́n ń pè ní Matthew 25, láti inú Mátíù 25:31-46. Nǹkan mẹ́ta ló dá lé: kí ìjọ sọjí, kí á tú ẹ̀tọ́-dídù tó dá lórí àwọ̀ ká, kí á sì gbógun ti òṣì láti gbòǹgbò rẹ̀. Tí presbítírì yín bá ti jẹ́ ìpè náà, ẹ fi kókó yín sí abẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ má gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá sínú ọjọ́ kan.

Kókó tó fẹ̀ jù ni àṣìṣe tí mo máa ń rí jù lọ. "Ìfẹ́ sí ọmọnìkejì" kì í ṣe kókó ìpàdé, ìwàásù ni. Ẹ wo èyí ná: "Kí làwọn ọmọ ilé-ìwé tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa máa jẹ lọ́sàn-án nígbà họlidé?" Èyí ṣeé dì mú. Ọmọ tó ń jẹun ọ̀fẹ́ nílé-ìwé kò ní in mọ́ tí wọ́n bá ti gba ìsinmi gígùn. Ìjọba àpapọ̀ ní ètò oúnjẹ fún àwọn ọmọdé nígbà náà, wọ́n sì máa ń lo gbọ̀ngàn ìjọ láti pín in. Ìjọ tí kò lówó ṣùgbọ́n tó ní gbọ̀ngàn àti tábìlì ti ní nǹkan ṣe.

Tí ẹ bá ń wá ẹsẹ Bíbélì mìíràn yàtọ̀ sí Mátíù 25, mo fẹ́ràn Jeremáyà 29:7, níbi tí wọ́n ti ní kí àwọn tí wọ́n kó lọ sí Bábílónì máa wá àlàáfíà ìlú tí wọ́n bá ara wọn. Àwa tí a ti òkèèrè wá, ẹsẹ yẹn kò ṣòroó yé wa.

## Ìgbésẹ̀ 3: Ọjọ́ àti ibi ìpàdé (oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin ṣáájú)

Ọjọ́ kọ́kọ́. Àwọn presbítírì kan fẹ́ràn ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́bọ̀ torí pé ó rọrùn fún pásítọ̀. Alàgbà tó jẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí awakọ̀ kò lè wá. Tí ọ̀rọ̀ bá kan àdúgbò, Sátidé ni kí ẹ jà fún. Ẹ yẹra fún Ọ̀sẹ̀ Mímọ́, ọ̀sẹ̀ Thanksgiving, àti òpin ọ̀sẹ̀ Super Bowl. Ẹ tún wo ọjọ́ ọdún àwọn Mùsùlùmí tí ẹ bá pe ìmáàmù.

Ní ti ibi ìpàdé, wọ́n á fẹ́ fà yín lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tó ní àpótí orin olówó iyebíye. Ẹ kọ̀ ọ́ tó bá jìnnà sí ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ sọ. Ìjọ kékeré tó wà láàárín àdúgbò náà gan-an ló yẹ. Tí kò bá gbà yín, ẹ bẹ ilé-ìwé tàbí ilé-ìkàwé ìlú.

Ẹ fojú ara yín wo ìwọ̀nyí kí ẹ tó gbà:

- Ṣé ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ lè wọlé láìjẹ́ pé wọ́n gbé e? Ṣé ó lè dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀?
- Ṣé bọ́ọ̀sì ń dé ibẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, àbí mọ́tò nìkan?
- Ṣé ẹni tó jókòó sẹ́yìn ń gbọ́ ohùn màíkù? Ẹ dán an wò, ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu.
- Ṣé yàrá kan wà tó ní fèrèsé lára ilẹ̀kùn tí àwọn ọmọdé lè wà?

Ọ̀rọ̀ èdè náà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ presbítírì ló ní ìjọ tó ń sọ èdè Kòríà àti ìjọ tó ń sọ Sípáníìṣì. Ẹ wá ògbufọ̀ tó mọṣẹ́, kí ẹ sì yá ẹ̀rọ gbígbọ́ tí wọ́n ń fi sétí. Ẹ má mú ọmọ pásítọ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kó máa túmọ̀ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Mo ti rí i, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

## Ìgbésẹ̀ 4: Owó

Nǹkan mẹ́rin ni kí ẹ kọ́kọ́ ya owó sọ́tọ̀ fún: oúnjẹ, ògbufọ̀, owó àkókò àwọn aládùúgbò, àti àwọn tó máa mójú tó àwọn ọmọdé. Báńnà àti àpò aláràbarà lè dúró.

Níbo lowó ti lè wá?

- Ọrẹ Peace & Global Witness. Ìjọ kọ̀ọ̀kan ń dá ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún dúró fún iṣẹ́ àlàáfíà ní àyíká rẹ̀, ìdá 25 ń lọ sọ́dọ̀ presbítírì àti sínódù, ìdajì tó kù ń lọ sókè. Ẹ bi akápò presbítírì bóyá tọdún tó kọjá ṣì wà nílẹ̀.
- Ọrẹ Pẹ́ńtíkọ́sì. Ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún máa ń kù sọ́wọ́ ìjọ fún àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ tó wà nínú ewu ládùúgbò. Tí kókó ìpàdé bá jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ ọmọdé, ìjọ lè lò ó fún iṣẹ́ tó máa tẹ̀ lé ìpàdé náà.
- Self-Development of People. Láti 1970 ni ìgbìmọ̀ yìí ti wà, inú ọrẹ One Great Hour of Sharing ló sì ti ń rówó. Ẹ fetí sí èyí dáadáa: kì í ṣe ìjọ ló ń fún lówó kí ìjọ lọ ṣe àánú. Ẹgbẹ́ tí àwọn tí ìṣòro kàn dá sílẹ̀ fúnra wọn, tí wọ́n ń darí fúnra wọn, tí àwọn náà yóò sì jàǹfààní rẹ̀, òun ló ń fún. Ohun tí ẹ lè ṣe lọ́jọ́ ìpàdé ni kí ẹ ya tábìlì kan sọ́tọ̀ níbi tí àwọn aládùúgbò yóò ti gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé béèrè.

Ìkìlọ̀ lórí òṣèlú: àwọn olóṣèlú máa ń gbọ́ òórùn àpèjọ. Ìjọ tí ìjọba yọ̀ǹda owó orí fún kò gbọ́dọ̀ di pèpéle ìpolongo. Ẹni tó bá ń dupò kò gbọ́dọ̀ gba màíkù ní òun nìkan. Tí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn, ẹ pe gbogbo àwọn tó ń du ipò kan náà, kí ìbéèrè kan náà sì kan gbogbo wọn. Èyí tó rọrùn jù ni kí ẹ má pe ìkankan.

## Ìgbésẹ̀ 5: Bí ọjọ́ náà ṣe máa lọ

Ètò tó ti bá mi mu jù lọ nìyí. Ẹ gé e, ẹ tò ó bó ṣe wù yín.

- 8:30: ìforúkọsílẹ̀, kọfí
- 9:00: àdúrà ìṣípàdé, kíka iye aṣojú, ìdìbò
- 10:00: ìsìn kúkúrú
- 10:30: aládùúgbò mẹ́ta sọ̀rọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá
- 11:15: ìjíròrò lórí tábìlì
- 12:15: oúnjẹ
- 1:00: rírìn ládùúgbò, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ló ń ṣíwájú
- 2:15: ìjọ kọ̀ọ̀kan kọ ohun tó máa ṣe
- 2:45: àdúrà ìparí

Ní 10:30 yẹn, pásítọ̀ kankan kò gbọ́dọ̀ dìde lọ "ṣàlàyé" ohun tí aládùúgbò sọ. Ẹ ti bá alága sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Wọ́n á fẹ́ ṣe é.

Lórí tábìlì, kí èèyàn mẹ́jọ wà níbi kan, méjì nínú wọn láti àdúgbò. Ẹnì kan á máa kọ̀wé. Òfin kan ṣoṣo: ẹnikẹ́ni kò ní sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kejì títí gbogbo tábìlì á fi sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, kò sí hàì tébù. Kò sí pípe àwọn èèyàn jàǹkàn-jàǹkàn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí "mo tún fẹ́ kí" fún ìdajì wákàtí. Ìyẹn ló ń ba ètò wa jẹ́ nílé, a ò ní láti kó o kọjá òkun.

## Ìgbésẹ̀ 6: Ìwé ìpè àti ìforúkọsílẹ̀ (ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú)

Ẹ fi ìwé ránṣẹ́ sí akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìjọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ má gbára lé pásítọ̀ nìkan. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n rán alàgbà aṣojú, díákónì kan, àti ẹnì kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ìjọ méjì tàbí mẹ́ta kò ní dáhùn. Ẹ pè wọ́n lórí fóònù, ímeèlì lẹ́ẹ̀kẹta kò ní ṣe ohun tí èkíní kò ṣe.

Fọ́ọ̀mù kò gbọ́dọ̀ gùn. Orúkọ, ìjọ, èdè, oúnjẹ tí ara kò gbà, ọmọ mélòó ló ń bọ̀, ìrànlọ́wọ́ wo ló nílò láti rìn. Ó tán.

Àwọn ohun tó máa ń dá wàhálà sílẹ̀:

- Iye aṣojú tó gbọ́dọ̀ pé. Book of Order ní kò gbọ́dọ̀ dín sí pásítọ̀ 3, pẹ̀lú àwọn alàgbà láti ìjọ 3. Presbítírì yín lè ti gbé e ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ bi akọ̀wé àgbà kí ilẹ̀ tó mọ́.
- Zoom. Robert's Rules kò fàyè gba ìpàdé orí ẹ̀rọ àfi tí ìwé òfin presbítírì yín bá sọ bẹ́ẹ̀. Tí kò bá sí níbẹ̀, ẹni tó wà lórí Zoom lè wò, ṣùgbọ́n ìbò rẹ̀ kò níí kà.
- "Ẹ bá mi dìbò." Kò sí i. Alàgbà tí kò lè wá, kí ìgbìmọ̀ ìjọ rẹ̀ yan ẹlòmíràn kó tó dọjọ́ náà.
- Àwọn ọmọdé. Ìwé ìlànà ní gbogbo ìgbìmọ̀, títí dé presbítírì, gbọ́dọ̀ ní ètò ìdáàbòbò fún ọmọdé, ọ̀dọ́ àti àgbàlagbà tí kò lè dáàbò bo ara rẹ̀. Ẹ gba ẹ̀dà rẹ̀, ẹ kà á. Àgbàlagbà méjì tí kì í ṣe ẹbí ara wọn ni kó wà pẹ̀lú àwọn ọmọ nígbà gbogbo. "Màmá Fúnkẹ́ nìyẹn, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n" kì í ṣe ìwé ẹ̀rí.

## Ìgbésẹ̀ 7: Ọjọ́ ìpàdé

Ẹ dé ibẹ̀ ní 7:00. Tí ìwé bá sọ pé 9:00, alága á lu tábìlì ní 9:00.

Ọ̀rọ̀ kan fún alàgbà tó ń lọ fún ìgbà àkọ́kọ́. A tọ́ wa pé kí ọmọdé dákẹ́ níbi tí àgbà bá wà, torí náà a máa ń jókòó, a ń dúró kí wọ́n pè wá. Wọn kò ní pè yín. Ẹ lọ sí ìdí màíkù, ẹ kí alága, ẹ sọ orúkọ yín àti ìjọ yín, kí ẹ wá sọ bóyá ìbéèrè lẹ fẹ́ bi tàbí àbá lẹ fẹ́ dá. Àbá nílò ẹnì kan tí yóò kín in lẹ́yìn kí wọ́n tó lè jíròrò rẹ̀, nítorí náà ẹ ti bá ẹnì kan sọ ọ́ níbi kọfí. Wọ́n á máa pe ẹni tó tó bàbá yín lórúkọ gan-an. Kì í ṣe ìwọ̀sí, bí wọ́n ṣe ń pe ara wọn nìyẹn. Tí ó bá wu ẹ̀yin láti máa pè é ní Alàgbà, kò sẹ́ni tó máa bínú.

Oúnjẹ: tí ìjọ yín bá fẹ́ gbé ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù àti mọ́ínmọ́ín wá, ó dára, wọ́n á jẹ ẹ́ tán. Àmọ́ ẹ kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ abọ́: edé, ẹyin, ẹja, ẹ̀pà. Ara àwọn mìíràn kò gba edé rárá, ilé ìwòsàn ni wọ́n máa bá ara wọn. Ẹ se ìkòkò kan tí ata rẹ̀ kò pọ̀. Ẹ ya ọ̀tọ̀ fún ẹni tí kì í jẹ ẹran.

Fọ́tò: ẹ béèrè kí ẹ tó yà. Ẹ má ya ojú ọmọdé láìjẹ́ pé òbí fọwọ́ sí i. Ládùúgbò tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń dúró de ìwé ìgbéèlú, fọ́tò kan lórí Facebook lè kó ìpayà bá ẹni tí ẹ ní ẹ fẹ́ ràn lọ́wọ́.

Nígbà rírìn ládùúgbò, ẹ pín ara yín sí ọ̀wọ́ mẹ́wàá-mẹ́wàá, kí ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ṣíwájú. Ẹni tí kò lè rìn jìnnà, ẹ fi sínú mọ́tò pẹ̀lú aládùúgbò kan tó máa sọ̀rọ̀. Kò sí bíbọ́ sílẹ̀ lọ kan ilẹ̀kùn onílé láti wàásù. Ọjọ́ ìyẹn ọ̀tọ̀.

## Ìgbésẹ̀ 8: Ohun tó tẹ̀ lé e

Ní 2:15, ẹ fún ìjọ kọ̀ọ̀kan ní káàdì kan tó ní àyè mẹ́ta: ohun kan tí a máa ṣe, orúkọ ẹni tó máa mójú tó o, ọjọ́ tó máa kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀. Tí wọ́n bá kọ ohun márùn-ún, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fagi lé mẹ́rin. Tí wọ́n bá kọ "ìgbìmọ̀" sí àyè orúkọ, ẹ dá a padà. Ìgbìmọ̀ kì í gbé fóònù.

Ẹ rántí pé aṣojú kò lè fi ìjọ rẹ̀ sínú gbèsè lórí káàdì. Ìgbìmọ̀ àwọn alàgbà ìjọ náà ló máa fọwọ́ sí i. Nítorí náà:

1. Láàárín ọjọ́ méjì: ẹ fi ẹ̀dà káàdì ránṣẹ́ sí akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìjọ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi sí àjẹ́ńdà ìpàdé wọn tó kàn. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò tó sọ̀rọ̀, kí owó wọn sì ti dé ọwọ́ wọn.
2. Láàárín ọjọ́ 30: ẹ pe ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí káàdì. Ẹ bi í ohun tó ń dí i lọ́wọ́, ẹ má bi í ìdí tí kò tíì fi ṣe é.
3. Láàárín ọjọ́ 90: ẹ padà lọ bá àwọn èèyàn mẹ́wàá ti Ìgbésẹ̀ 1. Ẹ sọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ fún wọn, títí kan èyí tí kò ṣẹlẹ̀.
4. Ìpàdé presbítírì tó tẹ̀ lé e: ìròyìn ìṣẹ́jú márùn-ún. Kí aládùúgbò kan jẹ́ ẹni tó máa sọ ọ́.

Ní ti ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, a kò rí bọ́ọ̀sì náà dá padà. Ìjọ mẹ́ta ló pín alẹ́ ọ̀sẹ̀ láàárín ara wọn, wọ́n ń fi ọkọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì gbé àwọn èèyàn láti ibùdókọ̀ ńlá. Kí ẹ tó ṣe irú rẹ̀, ẹ bi ilé-iṣẹ́ adójútòfò ìjọ yín bóyá ó bo ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìjọ. Tiwa kò bò ó, a ní láti sanwó kún un.

## Tí nǹkan bá yí

Yìnyín bọ́ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹ ti kọ ọjọ́ àfirọ́pò sínú ìwé ìpè àkọ́kọ́, kí ẹ sì sọ aago tí ẹ máa kéde rẹ̀. Ẹ má dúró di àárọ̀, àwọn kan á ti wà lójú ọ̀nà.

Aṣojú kò pé. Ẹ kò lè dìbò, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní kí ẹ má fetí sí aládùúgbò. Ẹ gbé ìdìbò sẹ́yìn, kí ìyókù máa lọ.

Presbítírì kò ní owó rárá. Ẹ dín in kù sí ìjọ mẹ́rin tó sún mọ́ ara wọn, ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, kí oníkálukú gbé oúnjẹ wá. Ẹ má fo Ìgbésẹ̀ 1, rírìn àti gbígbọ́ kì í gbowó.

Ìjọ yín kò ju èèyàn méjìlá lọ. Ẹ so káàdì yín mọ́ ti ìjọ mìíràn, kódà tí ìjọ náà kì í bá ṣe Presbyterian. Ẹ kọ orúkọ ẹni méjì, torí pé nínú ìjọ kékeré, ẹnì kan náà ló ń ṣe akápò, tó ń kọrin, tó sì ń ti ilẹ̀kùn.

Ọ̀rọ̀ gbóná lórí tábìlì. Ó máa ń ṣẹlẹ̀, pàápàá tó bá kan ọlọ́pàá tàbí ọ̀rọ̀ àwọ̀. Ẹ má sáré gbé orin dìde. Kí ẹni tó ń darí tábìlì ní kí oníkálukú tún ohun tó gbọ́ lẹ́nu ẹnì kejì sọ, kó tó sọ tirẹ̀. Tí kò bá rọlẹ̀, ẹ fún wọn ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí wọ́n jáde gba afẹ́fẹ́, kí ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ sì bá ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ jókòó.

Oúnjẹ tó bá ṣẹ́ kù, ẹ ti bá ẹni tó ń bójú tó ibi ìpín-oúnjẹ sọ̀rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú nípa irú èyí tó lè gbà. Àwọn kan kì í gba oúnjẹ tí wọ́n sè nílé. Tí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ra àwo onídèérí dání, kí àwọn àlejò àdúgbò kọ́kọ́ bù tiwọn kí àwọn alàgbà tó bù.